Ṣé Ó Ti Gbéra?

Ayọ̀ọlá ń to àga. Ó to ìlà iwájú tán, ó sún sẹ́yìn wò ó, ó sì rí i pé ẹni tó bá jókòó lápá òsì kò ní rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nítorí òpó tó dúró láàárín gbọ̀ngàn. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún. Àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ti ní kó fi sílẹ̀ fún àwọn. Kò fi sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n àga títò sàn fún un ju ìjókòó lọ. Ẹni tó bá jókòó á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ohun tó sì wà nílẹ̀ láti rò kò dùn ún rò. Ayọ̀ọlá ni alábòójútó kàǹtà ilé-iṣẹ́ bàálù Lékeléke ní pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt. Lékeléke ti ní ọ̀gá àgbà tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń wọ bàálù àwọn léraléra ń fẹ́, láti ẹnu àwọn fúnra wọn, kí òun tó pinnu bóyá bàálù ìrọ̀lẹ́ tó ń ti Port Harcourt lọ sí Èkó yóò máa bá iṣẹ́ lọ, tàbí òun yóò gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Bí bàálù ìrọ̀lẹ́ bá lọ, iṣẹ́ Ayọ̀ọlá bá a lọ nìyẹn. Wọ́n á ní kó máa bọ̀ ní Èkó. Tonye, ọkọ rẹ̀, ọmọ Kàlàbárì ni, ọkọ̀ ojú omi ló fi ń kó ẹrù ní etí odò Creek Road. Odò yẹn nìkan ló mọ̀, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè sọ fún pé kó lọ wá odò mìíràn.

"Aunty Ayọ̀, your oga don land?"

Belema ló ń bi í láti ẹnu ọ̀nà. Belema ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ẹ̀rọ kànga epo rọ̀bì ṣe. Bó bá kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò, ìdajì àga bàálù ìrọ̀lẹ́ ló máa ṣófo, ó sì ti ń halẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́.

"Him dey come," Ayọ̀ọlá dá a lóhùn.

Belema wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó lọ jókòó.

Gbọ̀ngàn ń kún díẹ̀díẹ̀. Oníbáńkì, oníṣẹ́ epo, lọ́yà, àwọn tí ilé wọn wà ní Èkó tí oúnjẹ wọn wà ní Port Harcourt. Wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó ní pápákọ̀: báàgì láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, fóònù lọ́wọ́, etí kan sílẹ̀. Àkókò ìpàdé tó, ó sì kọjá. Ayọ̀ọlá bọ́ síta, ó pe Níkẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ ìrìn àwọn bàálù ní ọ́fíìsì Èkó.

"Níkẹ́, níbo ni ọ̀gá wà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Ṣé wọ́n ti wọ bàálù?"

"Mo ní wọ́n ń bọ̀. Kí lo tún fẹ́ kí n wí?"

"Bàálù ta ni wọ́n ń wọ̀ bọ̀?"

"Tiwa ni."

Ayọ̀ọlá fi ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó padà wọlé tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé ọ̀gá àgbà wà lọ́nà, ẹnì kan bi í ní ìbéèrè tí òun náà ti bi Níkẹ́. Kò lè purọ́. Ó ní bàálù Lékeléke ni.

Ẹ̀rín bú jáde. "Ọ̀gá Lékeléke wọ Lékeléke!" ọkùnrin onítáì pupa kan kígbe. "Ó ti bá a o!"

"Ẹ bá mi fi páì tútù tí wọ́n ń pín fún wa nínú bàálù yẹn pamọ́ dè é," obìnrin kan fèsì. "Kó fi eyín ara rẹ̀ tọ́ ọ wò."

Ayọ̀ọlá náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó ní kí wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọ̀gá tó dé. Wọ́n sọ ọ́. Obìnrin onípáì ní kí wọ́n gbé e gbóná tàbí kí wọ́n má fún àwọn rárá, àwọn kò bẹ̀bẹ̀ fún òkúta. Onítáì pupa ń fẹ́ yàrá ìsinmi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti ibi tí èèyàn á ti fi iná sí fóònù. Lọ́yà kan ní òun ti kó póìǹtì tí wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ jọ sórí káàdì wọn títí ọwọ́ fi ro òun, ọjọ́ tí òun fẹ́ lò ó ni wọ́n sọ pé ọjọ́ yẹn kò sí lára ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó. Ẹlòmíràn ní wọ́n gbàgbé ẹrù òun sí Èkó, sálúbàtà ni òun fi wọ ìpàdé pẹ̀lú gómìnà báńkì àwọn.

"Báńkì wo ló ní gómìnà?" onítáì pupa bi í.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ ò rí sálúbàtà ọ̀hún ni."

Ọkùnrin kan wà lẹ́bàá òpó tí kò tíì sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìwó ni, Alhaji Misbaudeen, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó fún ilé-iṣẹ́ kan ní Rumuigbo. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Kò kọjú sí àwọn ènìyàn; Ayọ̀ọlá ló kọjú sí, Yorùbá ló sì fi sọ̀rọ̀.

"Ayọ̀ọlá, ọ̀gá yín tó ń bọ̀ yìí, ó ń bọ̀ báwo?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Alhaji, mi ò gbọ́ yín yé."

"Wà á gbọ́ mi yé. Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú sílẹ̀ sùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn á dúró dè mí di alẹ́. Mo dé kàǹtà yín, mo bá ọ níbẹ̀. Mo ní ṣé bàálù máa tètè dé, àbí kí n lọ wá ọkọ̀ ilẹ̀ gba Benin? O rántí ohun tó o sọ?"

Ayọ̀ọlá kò rántí ojú rẹ̀ títí di àkókò yẹn. Ní báyìí ó rántí fìlà náà.

"O ní, 'Ó ń bọ̀, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀.' Yorùbá lo fi sọ ọ́. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni, ǹ bá ti gbé báàgì mi. Gbogbo wa la mọ Gẹ̀ẹ́sì kàǹtà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Mo jókòó. Mo tún bi ọ́, o ní ó ti ń bọ̀. Nígbà tí mo fi dé Ìwó, wọ́n ti wọ́n omi sórí sàréè."

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń bi àwọn tó gbọ́ ọ létí.

"Alhaji, ẹ forí jì mí," ni Ayọ̀ọlá wí.

"N ò ní o purọ́. Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ìyá tí mo ń sọ yìí gan-an, ó lè wà nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú kó máa pariwo pé òun ń bọ̀. Ẹni tó ń jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ á ní òun ń bọ̀. Èmi ni mi ò bi ọ́ dáadáa." Ó jókòó. "Mi ò fẹ́ páì."

Fóònù Ayọ̀ọlá ló gbà á sílẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tonye ni, láti ilé wọn ní Elelenwo.

"Ayọ̀, you don comot?"

"I dey come."

"I no ask you whether you dey come. You dey come since morning. You don comot, abi you never comot? Na garri I wan turn."

Ayọ̀ọlá fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ni Tonye ti ń bi í bẹ́ẹ̀, òun náà sì ti máa ń rò pé ìkanra ọkùnrin ni. Ìgbà yìí ló wá rí bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Tonye kì í gbé omi kaná nítorí pé Ayọ̀ọlá ní òun ń bọ̀. Ìgbà tí Ayọ̀ọlá bá wọ ọkọ̀ tí ọkọ̀ sì ṣí ló ń gbé e kaná. Láti ibẹ̀, ó mọ bí ọ̀nà ṣe jìn, ó mọ ibi tí sún-kẹẹrẹ wà, ẹ̀bà rẹ̀ kì í sì í tutù. Ìrìn ní gígùn tí èèyàn lè wọ̀n. Ìdúró kò ní gígùn kankan.

"I never comot," ó wí.

"Ehen! Now you don talk." Tonye gbé fóònù sílẹ̀, kò tilẹ̀ bínú.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi wọlé níkẹyìn, ó ti tú táì rẹ̀, òógùn sì ti mu kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú," ó wí. "Mo ti jókòó ní Èkó látàárọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi, wọ́n ní ó ń bọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí onítáì pupa fi ń lu tábìlì. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ohun tí òun sọ. Ó wá bi Ayọ̀ọlá.

Ayọ̀ọlá ṣàlàyé fún un níwájú gbogbo wọn. Ó ní bàálù kan náà ló ń jẹ́ gbogbo iṣẹ́ náà láti òwúrọ̀, bí ẹni tó ń fi garawa kan ṣoṣo pọnmi fún gbogbo ilé tó wà ládùúgbò. Bó bá pẹ́ ní ilé àkọ́kọ́, gbogbo ilé yòókù ló máa dúró. Nígbà tó bá ṣì wà ní Àbújá, Èkó á ní ó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ táyà rẹ̀, ó ń bọ̀. Nígbà tí èrò bá ń wọ̀ ọ́, ó ń bọ̀. Nígbà tó bá wà lójú ọ̀run, ó ń bọ̀ náà ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n lára gbogbo wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn lè gbára lé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ Èkó, kò lè dúró lójú ọ̀nà kó ra ẹ̀pà. Bí òjò kò bá dí Port Harcourt, yóò dé ní bíi wákàtí kan.

"Torí náà, kí la fẹ́ ṣe?" Ọbáfẹ́mi bi í.

"Ká yéé sọ pé ó ń bọ̀, sà. Ká máa sọ pé ó ti gbéra tàbí kò tíì gbéra. Ìyẹn nìkan."

"Bí a bá sọ fún èrò pé kò tíì gbéra, ṣé wọn ò ní gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ?"

Alhaji Misbaudeen ló dáhùn. "Àwa kan á lọ. Ẹni tó bá dúró á mọ ìdí tóun fi dúró."

"Me I go carry my people go, no lie," Belema fi kún un. "But I go know wetin I dey do."

Ọbáfẹ́mi ronú. Ó rẹ òun náà. "Ó dáa," ó wí. "Ẹ dán an wò títí òjò ọdún yìí á fi dáwọ́ dúró. Bí àga bá ṣì ń ṣófo nígbà náà, mò ń gbé bàálù ìrọ̀lẹ́ lọ. Mi ò fẹ́ tàn yín."

Lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀ọlá lọ bá káfíńtà kan ní Rumuigbo. Ó ní kó gé pátákó kan fún òun, kó kùn ún lọ́dà pupa lójú kan, àwọ̀ ewé lójú kejì. Ó rò ó dáadáa kó tó mọ ohun tó máa kọ síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èrò ló gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó gba Gẹ̀ẹ́sì kàǹtà gbọ́. Ní ojú pupa ó kọ E NEVER COMOT. Ní ojú kejì, E DON COMOT. Ọ́fíìsì Èkó pariwo nígbà tí wọ́n rí fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ní Píjìn kì í ṣe èdè kàǹtà. Ọbáfẹ́mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó fi okùn gbé pátákó náà kọ́ sókè kàǹtà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lọ mu omi, fáànù fẹ́ pátákó yí padà, ojú aláwọ̀ ewé bọ́ síta, èrò sì rọ́ wá pẹ̀lú báàgì wọn. Ọ̀rọ̀ di èébú. Ló bá gbé pátákó padà sọ́dọ̀ káfíńtà. Wọ́n fi ìkọ́ méjì sí i nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀, kó yọ ìkọ́, kó tó yí i, kó sì tún fi ìkọ́ há a. Ayọ̀ọlá yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà, ó ń gbọ́ bí ìkọ́ ṣe ń wọlé: gbà. Ó tún yí i, nítorí pé ó dùn ún gbọ́.

Kò rọrùn fún un lákòókò òjò yẹn. Àwọn ọjọ́ wà tí àwọn èrò wo ojú pupa, tí wọ́n gbé báàgì wọn, tí wọ́n sì lọ sí kàǹtà kejì, ti ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn, níṣojú rẹ̀. Àwọn kan bú u. Alákọ̀wé kan ní òun ò rí ilé-iṣẹ́ tó ń polówó àléébù ara rẹ̀ rí. Bí Ayọ̀ọlá bá délé, á jókòó sórí àkéte pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Tonye á ní, "You don reach, so chop," kò sì ní bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń retí ìpinnu Ọbáfẹ́mi, Alhaji Misbaudeen yọ sí kàǹtà. Kò wo pátákó. Ayọ̀ọlá ló wò.

"Ṣé ó ti gbéra?"

"Kò tíì gbéra, sà. Kò tíì kúrò ní Èkó."

"Ó dáa."

Ayọ̀ọlá rò pé á lọ sí kàǹtà kejì. Kò lọ. Ó wá àga kan ní kọ̀rọ̀, ó bọ́ bàtà, ó gbé báàgì sábẹ́ orí, ó sì fi fìlà bojú. Láìpẹ́ ó ti ń hanrun. Ayọ̀ọlá ti pẹ́ ní pápákọ̀ yẹn. Kò rí èrò tó sùn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n máa ń tòògbé ni, pẹ̀lú ojú kan lára kàǹtà. Àwọn mìíràn náà wo ojú pupa, wọ́n bọ́ síta lọ jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́nu géètì.

Níkẹ́ pè. "Ó ti ń rìn lọ sójú ọ̀nà tó máa gbà gbéra. Yí pátákó ẹ."

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀?"

"Ayọ̀ọlá, kí ló máa dá a dúró níbẹ̀?"

"Tó bá kúrò nílẹ̀, kó o pè mí."

Níkẹ́ pòṣé. Nígbà tó tún pè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ó ti padà síbi tó wà. Iná kan ló tàn níwájú awakọ̀, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ó wá bi í: "O ò yí i, àbí?"

"Mi ò yí i."

Ẹni tó tún pè ni Belema, tó ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn lọ́jọ́ náà. "Aunty Ayọ̀, for this side dem say e dey come since. Your own nko?"

"E never comot."

Belema mí kanlẹ̀. "At least your own get head. Next week I dey bring my people back."

Òkùnkùn ti ń ṣú nígbà tí fóònù tún dún. "Ó ti gbéra," Níkẹ́ wí. "Ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá sì ní kí n sọ fún ẹ pé bàálù ìrọ̀lẹ́ ò ní lọ mọ́."

"Kò ní lọ mọ́? Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa?"

"Rárá o! Ìlú tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ni kò ní lọ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ni í. Ọ̀gá ní àwọn tó ń padà wá pọ̀ ju àwọn tó ń lọ."

"Níkẹ́, ọjọ́ kan lo máa fi Yorùbá pa mí."

Ó gbé pátákó sókè, ó yọ ìkọ́, ó yí i. Gbà. Àwọn tó wà nítòsí rí ojú aláwọ̀ ewé, wọ́n rọra dìde. Kò sí ẹni tó sáré. Ayọ̀ọlá lọ sí kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Alhaji. Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ó ti gbéra."

Misbaudeen kò ṣí fìlà kúrò lójú. "Láti Èkó?"

"Láti Èkó, sà."

"Ó ṣì kù tó wákàtí kan nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Jẹ́ kí n sùn díẹ̀ sí i."

Ayọ̀ọlá padà sí kàǹtà. Ó fa àga kan, ó jókòó.